Ẹ̀rín Nàfísàt

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Taofeek fipá bá Nàfísàt lò pọ̀, Nàfísàt ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ọ̀fà bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn kà sí i lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ ìdílé wọn ni Taofeek, ẹni tí àdúgbò máa ń pè wá parí ìjà. Ó ní kí Nàfísàt wá wọn ìyàwó òun fún aṣọ ìkómọ. Ìgbà tó débẹ̀, kò bá ìyàwó nílé. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Nàfísàt fẹ́ pariwo, ohùn kọ̀, kò jáde. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló tó lè jókòó ti bàbá rẹ̀, Abdulwasiu, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ ọ́ fún un. Bàbá ò bi í pé kí ló gbé e lọ. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́." Wọ́n jọ lọ sí ọsibítù, wọ́n ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ni ẹnu bá ń kùn. Wọ́n ní ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í lé tìróò, kì í bá oníbàárà rẹ́rìn-ín. Asiata, àbúrò bàbá rẹ̀, fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ òun náà bẹ̀ ẹ́ pé kó ti ara rẹ̀ mọ́lé, kó máa sunkún díẹ̀, kí ayé lè gbà á gbọ́. Nàfísàt gbìyànjú ẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ títí, ẹkún ò wá, àárẹ̀ ló wá. Ló bá padà sídìí máṣíìnì, torí ibẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti ń rọlẹ̀.

Àwọn àgbà ìdílé Taofeek wá bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà nílé. Nàfísàt ń gbọ́ wọn láti yàrá. Alhaji kan nínú wọn ní kò jọ pé nǹkan kan ṣe ọmọ náà, òun rí i lánàá tó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ò gbóhùn sókè. "Alhaji, ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kú. Mi ò sunkún. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò sọ pé kò kú. Ọmọ mi ò jẹ yín ní gbèsè ẹkún. Ẹ máa lọ, a ó pàdé ní kọ́ọ̀tù."

Oorun tó ti ń sá fún Nàfísàt gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ẹjọ́ náà falẹ̀. Lọ́yà Taofeek bi í pé kí ló dé tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò mọ ibòmíràn tí òun ì bá gbé ọwọ́ òun sí. Adájọ́ gbọ́ ọ, ó gbọ́ ẹ̀rí dókítà, ó sì rán Taofeek lọ sẹ́wọ̀n.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn padà sílé, Asiata tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Nàfísàt, ìyẹn sì dárí jì í. Nàfísàt wá kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ gbà mí gbọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán."

Bàbá ní kí ló tún ń dúpẹ́ fún, ṣé kì í ṣe ọmọ òun ni. Ṣùgbọ́n Nàfísàt ò dáwọ́ ọpẹ́ dúró. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, títí wọ́n fi délé.