Tábìlì Tó Mọ́ Jù

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí o bá dìde nídìí oúnjẹ níwájú ìyá mi láìpalẹ̀ mọ́, orúkọ tí o máa jẹ́ lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí bàbá rẹ sọ ọ́. Nítorí náà, nílé ìkàwé yunifásítì wa, bí mo bá lo ìwé tán, màá dá a padà sórí pẹpẹ, màá ti àga bọ abẹ́ tábìlì. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni.

Àṣé kòtò ni mò ń gbẹ́ fún ara mi. Olùtọ́jú ìwé tí à ń pè ní Ẹ-Má-Pariwo ló là mí lójú lánàá. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ìṣe wọn.

“Àbúrò, ọ̀gá ilé ìkàwé wa fẹ́ kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ òjò yìí dànù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lò ó.”

“Èmi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ojoojúmọ́ ni mo wà nídìí ẹ̀!”

“Ta ló mọ̀? Ìwé tá a bá bá lórí tábìlì nírọ̀lẹ́ là ń kọ sílẹ̀ pé wọ́n lò. Ìwọ ń dá tìẹ padà! Ọ̀la ni wọ́n máa wò ó kẹ́yìn, ọ̀gá á sì tẹ̀ lé mi, mi ò lè tìtorí ẹ purọ́. Jọ̀ọ́, tú wọn sílẹ̀ káàkiri. Ṣe bí ọmọ tí wọn ò kọ́.”

Òjò ọdún àtijọ́ ni gbogbo iṣẹ́ ìwádìí mi, kò sì síbòmíràn tó ní ìwé náà. Wọn kì í jẹ́ ká yá a lọ sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ti ní kò sáyè àtiyí àkòrí iṣẹ́ mi padà mọ́. Mo há. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Lónìí, mo tú wọn sórí tábìlì bí ẹni ń sá aṣọ. Ó ń ni mí lára, àmọ́ mo gbé e mì. Mo kọ iṣẹ́ títí mo fi gbàgbé ara mi, agogo ìparí lù, mo sì gbé báàgì jáde.

Ní géètì ni mo rántí pé mo ti àga bọ abẹ́ tábìlì. Mi ò tíì ti àga rí láìkọ́kọ́ dá ìwé padà.

Mo sáré padà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Láti ojú dígí, mo rí Ẹ-Má-Pariwo àti ọ̀gá nídìí tábìlì mi. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ-Má-Pariwo fa àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì pàápàá.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá dígí. “Mo lò ó! Ẹ̀gbọ́n, mo lò ó!”

Ẹ-Má-Pariwo gbójú sókè, wọ́n rí mi. Ìka wọn sì gòkè lọ sí ètè, bó ṣe máa ń lọ fún gbogbo aláriwo. Ọ̀gá ti bọ́ sí tábìlì tó kàn.