Ẹ̀jẹ́ Kẹ́ẹ̀gì Méjì

"Màmá, ẹ fi í lẹ̀!"

"N kò fi í lẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má baà ní Jethro ò lẹ́kọ̀ọ́!"

Jethro ọlọ́kadà gbá etí kẹ́ẹ̀gì omi mú lápá ọ̀tún, Rẹ̀mílẹ́kún, ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, dì í mú lápá òsì, àwọn méjèèjì sì ń fà á láàárín títì Akótógbó bí ajá méjì tó rí eegun kan ṣoṣo. Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ń pariwo pé òun ti pẹ́. Nígbà tó yá, Jethro borí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì síwájú ara rẹ̀, ó ní òun yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà Màmá, ó sì bu eruku sí ìyá náà lójú lọ.

"Ọlọ́run á san án fún ẹ!" ni Rẹ̀mílẹ́kún kígbe tẹ̀lé e. Kì í ṣe àdúrà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Olùkọ́ kan ló kọ́kọ́ gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó kékeré kan, tí oyún rẹ̀ tó ilé alájà méjì, kúnlẹ̀ gbì, tó ní òun kò ní dìde àfi bí Màmá bá jẹ́ kí òun rù ú. Bó ṣe rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn. Kí àgbà obìnrin máa ru ẹrù kọjá níwájú ọmọ tó lápá, ẹ̀gàn ni fún ọmọ tó ń wò ó, ẹ̀gàn ni fún ọmọ tó bí. Kí ìyá àgbà ṣáà gbé ṣíbí, ogún èèyàn á sáré wá gbà á.

Inú rere yìí ló sì fẹ́ pa Rẹ̀mílẹ́kún.

Ẹ ṣáà gbọ́. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni nǹkan ti ń jò lọ́pọlọ ìyá yìí. Ó gbé epo pupa kaná, ó lọ kí aládùúgbò, ó gbàgbé. Iná náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Òde-Ìrèlè fi rò pé oòrùn tún yọ lẹ́ẹ̀kejì. Òrùlé ilé ìdáná jóná ráúráú. Ìyẹn kò tilẹ̀ dùn ún tó ti ilé àdúrà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń dá orin nínú ìjọ Aládùúrà wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó dìde nínú sútánà funfun, ó gbé ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ohùn tó lè lé ẹkùn padà sínú igbó, ó wá ìlà kejì tì. Ó dúró. Ìjọ dúró. Ẹyẹ orí igi pàápàá dúró. Ìlà náà kò wá.

Ìyẹn ló mú kí Dora, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkìtìpupa, mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ṣìkẹ́mi. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í ní ohun tí òní jẹ́, ó ní kó ka nǹkan sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Màmá, ìgbà wo lẹ gbé nǹkan tó wúwo kẹ́yìn?"

"Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí n gbé e ni? Nígbà tí mo ń fún epo, irin ẹ̀rọ tí ọkùnrin méjì ń yí, èmi nìkan ni mo ń yí i."

"Ẹ padà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún gbé e. Ẹ fi omi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un. N kò sọ pé yóò dá gbogbo ohun tó ti lọ padà o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣèwádìí ní iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń ran ọpọlọ àgbà lọ́wọ́. Ìjókòó ni kì í ràn án lọ́wọ́."

Dora gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú takisí ló ti fèsì.

"Màmá, nọ́ọ̀sì kì í ṣe ará Akótógbó. Tí wọ́n bá rí yín lábẹ́ ẹrù, èmi ni wọn yóò bú. Ní Sátidé tó ń bọ̀, màá wá kó yín lọ sílé mi. Ọmọ ọ̀dọ̀ á máa se púpurú fún yín, tẹlifíṣọ̀n wà ńbẹ̀."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Kí ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ náà, ara Rẹ̀mílẹ́kún kò balẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde; ó wọlé, ó jáde; ó gbá àgbàlá títí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Aníwúrà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n kó lọ jókòó báyìí nílé ọmọ. Ọdún méjì kò pé tó fi ń pe àga ní ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìjà òun àti Jethro, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì gba ẹ̀yìn ilé lọ sẹ́yìn ilé àdúrà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó fi àkísà wé etí wọn kó má baà bó o lọ́wọ́. Ó gbé wọn sókè, ó gbé wọn kalẹ̀, ó ń kà. Kò tíì dórí ẹẹ́jọ tí Morádéyọ̀, Ìyá Ìjọ, fi yọ, tó na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n mi. Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

Ẹnu Rẹ̀mílẹ́kún ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. "Má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀jẹ́ ni!"

Morádéyọ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn bíi pé ejò ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ta ló ń báni san ẹ̀jẹ́? Nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá bá ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ gbé ẹrù ti jí ìbùkún rẹ̀ gbé. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo Akótógbó ti gbọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjì láàárín títì ní gbangba, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn. Jethro pa ọ̀kadà rẹ̀, ó ṣí fìlà. Ewúrẹ́ pàápàá yà fún un.

Ara rẹ̀ ń le, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń jó bí epo ọjọ́sí. Ó ti fi orúkọ Ọlọ́run dí èèyàn lójú. Bó bá bu òkèlè, á dá a padà sínú àwo. Bó bá kúnlẹ̀ àdúrà, á rántí kẹ́ẹ̀gì.

Sátidé dé. Dora sọ̀kalẹ̀ nínú takisí, ó bá ìyá rẹ̀ ní àgbàlá ilé àdúrà, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ méjèèjì, tí àwọn obìnrin ìjọ yí i ká, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bá a kà á.

"Yéè! Màmá! Ẹ ti pa mí!"

Ó sáré wá láti gbà á. Wòlíì Mákánjúọlá na apá dí i lọ́nà.

"Dora, rọra. Ẹ̀jẹ́ ni."

"Ẹ̀jẹ́ wo?"

"Èmi náà ti ń fẹ́ béèrè." Wòlíì yíjú sí Rẹ̀mílẹ́kún. "Màmá, kí lẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ lé lórí?"

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Irọ́ dáadáa mẹ́ta tò sẹ́nu Rẹ̀mílẹ́kún: ìgbéga Dora lẹ́nu iṣẹ́, òrùlé ilé ìdáná, òjò. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀.

"Wòlíì, irọ́ ni. N kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan."

Ariwo sọ. Morádéyọ̀ fọwọ́ lérí.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀! Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa gbé nǹkan wúwo nítorí ọpọlọ mi. Olùkọ́ gbà á, aláboyún gbà á, ọlọ́kadà gbà á. Ẹ kò fẹ́ kí n ru omi, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé orí tí mo fi ń rù ú ló ń lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wò ó, mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà nísinsìnyí, lójú gbogbo yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, n ó máa gbé kẹ́ẹ̀gì méjì yìí títí apá mi ò fi ní lè gbé e mọ́. Bí ọpọlọ bá ṣì lọ, kó bá mi lórí ìdúró."

Wòlíì họ irùngbọ̀n. "Irọ́ tẹ́ ẹ pa yẹn, oṣù kan gbáko lẹ ó fi gbá ilé àdúrà."

"Ìyẹn náà á dára fún apá mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin. Dora nìkan kò rẹ́rìn-ín. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Wọn yóò ní mo pa yín tì, Màmá."

"Lọ́jọ́ tí mo bá pè ọ́ ní àga, ìwọ á mọ èyí tó ń jẹ́ ìtìjú."

Dora bẹ̀rẹ̀, ó di kẹ́ẹ̀gì kan mú láti jù ú sínú takisí kí ọ̀rọ̀ parí. Kẹ́ẹ̀gì gbéra díẹ̀, ìbàdí Dora dún ká, kẹ́ẹ̀gì padà sílẹ̀.

"Kí lẹ rọ sínú ẹ̀?"

"Omi lásán ni. Àga ọ́fíìsì ló wà nínú ìbàdí tìẹ."

Àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Awakọ̀ fun fèrè. Dora dúró, ó ń wo ọ̀nà, ó ń wo apá ìyá rẹ̀ tí òógùn ń ṣàn lórí ẹ̀. Ó lọ sídìí takisí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, takisí sì yí padà sí ọ̀nà Òkìtìpupa láìní èrò. Nígbà tó padà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé àdúrà, ó ń fọwọ́ ra ìbàdí.

"Mo fún yín ní oṣù mẹ́ta, Màmá. N ó máa wá wò ó." Ó nu ojú. "Mélòó lẹ kà dé?"

Rẹ̀mílẹ́kún la ẹnu. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú àwọn obìnrin tó ń bá a kà á lẹ́ẹ̀kan. Iye náà ti lọ. Morádéyọ̀ fẹ́ sọ ọ́; Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ dá a lẹ́kun.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí kẹ́ẹ̀gì méjèèjì mú, ó gbé wọn sókè.

"Ení," ló wí.