Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lókè Ọgbà Èèwọ̀

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Bàbá Àkọsílẹ̀ fi rìn lọ sí téṣàn lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀, ó mú ìwé ojú kan dání, ó sì gbé e fún kọ́púrà tó jókòó sídìí káúńtà.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò le. Bàbá Àkọsílẹ̀ a máa fi bàálù kékeré fọ́n oògùn kòkòrò sí oko ìrẹsì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò dí i lójú ọ̀nà, ó yà sápá òsì, ó sì bá ara rẹ̀ lókè ọgbà ńlá ìjọba. Èèwọ̀ ni ibẹ̀. Bàálù kankan kò gbọdọ̀ gba òkè rẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló lò kó tó jáde. Òfin àwọn awabàálù ni pé ẹni tó bá ṣìnà báyìí gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, kó gbé e fún àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣe irú àṣìṣe náà. Gbogbo awabàálù ló mọ òfin yìí, wọn a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Òun kì í fi òfin rẹ́rìn-ín. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Àkọsílẹ̀ nìyẹn.

Kọ́púrà ka ìwé náà, ètè rẹ̀ ń mì. Ó tún un kà. Ó wá dìde, ó sì mú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tó fi kọ́ sára ògiri.

"Bàbá, ẹ na ọwọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ohun tí ẹ kọ síbí náà ni. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́?"

Àwọn àgbà ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Àwọn àgbà kò tíì dé téṣàn yẹn.

Ọ̀gá ibẹ̀ kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ju ife tíì kan àti fóònù mẹ́ta lọ, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọdẹ tí ẹran igbó wọ ilé wá bá. Iṣẹ́ téṣàn náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n máa ṣọ́ òkè ọgbà ìjọba. Ọlọ́pàá mẹ́rìndínlógún ló wà fún un. Wọ́n ní awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra, wọ́n ní rédà tó ń rí ohun tó ń fò nínú ìkùukùu. Fún ọdún mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

"Àwọn ọmọ mi ti rí ọ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Ọ̀gá wí.

"Wọ́n kú iṣẹ́, sà. Kí ló dé tí wọn ò wá mú mi?"

"A ń ṣọ́ ọ ni."

Wọ́n lọ yẹ bàálù náà wò ní pápá. Ọlọ́pàá mẹ́fà yí i ká. Ọ̀kan bèèrè ibi tí họ́ọ̀nù rẹ̀ wà. Òmíràn ní kí wọ́n yọ táyà kan, kó má bàa sá lọ. Wọ́n tú ìjókòó, wọ́n gbọ́ òórùn oògùn kòkòrò, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: májèlé, ohun tó fẹ́ fi ṣe kò yé wa. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni kòkòrò ń jẹ ìrẹsì lọ ní òdìkejì odò. Nígbà tí wọ́n ṣetán, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n di abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, Ọ̀gá sì gba láìsẹ́ńsì Bàbá Àkọsílẹ̀, ó fi sí àpò àyà.

Níbẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọjọ́ láìsẹ́ńsì náà máa tán, Bàbá Àkọsílẹ̀ sì jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta, tó bá mú láìsẹ́ńsì rẹ̀ wá kí ọjọ́ tó tán, wọ́n á sọ ọ́ dọ̀tun fún un. Tó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, ó parí nìyẹn. Kò ní wa bàálù mọ́ láyé. Ó sọ èyí fún Ọ̀gá ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ìyẹn ò kàn mí," Ọ̀gá ní. "Ẹ fi í sí àhámọ́."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyọnu wọ téṣàn. Olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá pè láti kí Ọ̀gá kú iṣẹ́, wọ́n sì bi í léèrè: ta ló rí bàálù náà, aago mélòó ló rí i, kí ló dé tí kò fọn fèrè? Ọ̀gá pe àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní òun rí i, yóò sọ ìdí tó fi dákẹ́. Ẹni tó bá ní òun ò rí i, níbo lojú rẹ̀ wà? Wọ́n lọ gbìmọ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì fi ohùn kan ṣoṣo padà wá: àwọn ò sùn, àwọn ò wo ibòmíràn, bàálù kankan ò sì kọjá.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yí ẹ̀sùn padà. Bàbá Àkọsílẹ̀ kò ṣìnà mọ́. Irọ́ ló pa mọ́ ara rẹ̀, ó sì fi àkókò ọlọ́pàá ṣòfò.

"Kọ ọ́ pé o parọ́," Ọ̀gá ní, "kí n fún ọ ní láìsẹ́ńsì rẹ, kí o máa lọ sílé."

"Mo gba ibẹ̀ kọjá, sà."

"Àwọn ọmọ mi ní o kò gba ibẹ̀."

"Lánàá, wọ́n rí mi."

"Ìwọ, ṣọ́ ẹnu rẹ."

Ìyàwó rẹ̀ wá lọ́jọ́rú. Aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ṣì wà láyà búláòsì rẹ̀. Kọ́púrà fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún létí káúńtà.

"Bàbá wọn, ẹ kọ ohun tí wọ́n ní kí ẹ kọ."

"Irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Irọ́ mélòó ni wọ́n ti pa níbí láti àárọ̀, ṣé òrùlé ti wó?"

"Ìyá wọn, tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé òpùrọ́ ni mí, ta ni yóò tún gba ohun tí mo bá kọ gbọ́? Awabàálù tó ń kọ irọ́, òkú ẹlòmíràn ló ń gbẹ́ sàréè fún."

"Ẹ ti gbọ́ ti òkú ẹlòmíràn. Tèmi ńkọ́? Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Tí wọ́n bá lé yín sọ̀kalẹ̀, ìdí máṣíìnì mi lẹ máa jókòó sí, tí ẹ ó máa ka bọ́tìnnì tí mo rán, tí ẹ ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò lè fara da ìyẹn o."

Kọ́púrà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà yíjú sí i. "Ìwọ, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé o ti mú olè kankan láti ìgbà tí wọ́n ti fún ọ ní fìlà yẹn?" Kọ́púrà wo ilẹ̀, ó sì ní ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọgbọ́n kan sọ sí Ọ̀gá lórí. Òun fúnra rẹ̀ yóò wọ bàálù náà. Kí ọkùnrin yìí gbé òun gba ọ̀nà tó ní òun gbà. Wọn yóò rí i pé kò dé òkè ọgbà rárá, pé máàpù ló ṣì kà. Ìwádìí á parí síbẹ̀, olú iléeṣẹ́ á sinmi.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gba ibẹ̀," ni Bàbá Àkọsílẹ̀ wí. "Kí ẹ fọwọ́ sí i."

"Ìwọ àti ìwé, ṣé ẹ jọ jẹ́ ìbejì ni?"

"Láìsí i, mi ò ní gbéra, sà."

Ọ̀gá kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i gàdàgbà, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Bàbá Àkọsílẹ̀ fi sápò, wọ́n sì lọ tú ẹ̀wọ̀n bàálù.

Inú bàálù náà kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Orúnkún Ọ̀gá kan orúnkún Bàbá Àkọsílẹ̀. Bí wọ́n ti kúrò nílẹ̀, Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó mú. Bàbá Àkọsílẹ̀ ń fi ohun tí wọ́n ń kọjá hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: odò, afárá, ibi tí òjò ti dí i. Ó yà sápá òsì. Odi funfun gígùn kan yọ nísàlẹ̀, òrùlé pupa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilé ìṣọ́.

"Ibẹ̀ nìyí, sà. Ìṣẹ́jú kìíní."

Ọ̀gá yọjú. Kò sí bí kò ṣe ní mọ ilé ìṣọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ti dá rédà dúró kó má yí mọ́, wọ́n sì sá ṣòkòtò iṣẹ́ mẹ́rin àti tówẹ̀lì kan sórí rẹ̀. Ọlọ́pàá kan nà gbalaja lórí àga, ó fi fìlà bojú. Méjì ń ta káàdì. Ariwo bàálù gba orí wọn kọjá. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó wo bàálù náà dáadáa, ó sì ju káàdì tó kàn án sílẹ̀.

"Ẹ wo àwọn ọ̀lẹ! Màá lé gbogbo wọn lónìí, màá kọ̀wé sí—" Ọ̀gá fa orí rẹ̀ wọlé.

"Ìṣẹ́jú kejì."

"Bàbá," ni Ọ̀gá wí. Láti ọjọ́ Ajé, kò tíì pe ẹni tó lè bí i lọ́mọ bẹ́ẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́rí padà."

"Tí a bá ṣẹ́rí, a ó tún gba òkè wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ ká jáde níwájú."

Wọ́n balẹ̀. Ọ̀gá kò sọ̀kalẹ̀. Tó bá lọ sọ pé bàálù gba ibẹ̀, òun náà ló wà nínú rẹ̀. Tó bá ní kò gba ibẹ̀, ìwé tó buwọ́ lù wà lápò ẹlòmíràn. Ó yọ láìsẹ́ńsì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ gbà, sà. Ẹ̀sùn ti parí. Ẹ fún mi ní ìwé tí mo fọwọ́ sí."

Bàbá Àkọsílẹ̀ ṣí láìsẹ́ńsì náà, ó yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò, ó rí ibi tí tíì ti kán sí etí rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò nù ún. Ó fi sápò. Kò mú nǹkan mìíràn jáde.

"Ìwé yẹn kì í ṣe tèmi, sà. Ìròyìn tòní ló máa bá lọ."

"Wọ́n á tún gba láìsẹ́ńsì yín o."

"Bóyá."

"Ṣé ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn sí i?"

"Ṣòkòtò mẹ́rin, tówẹ̀lì kan. Ẹ sọ̀kalẹ̀, sà. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì láìsẹ́ńsì."

Ó dé ibẹ̀ bí aago mẹ́ta ti ń lù. Akọ̀wé gba láìsẹ́ńsì, ó gbé òǹtẹ̀ sókè, ó sì bi í ní ìbéèrè tó ń bi gbogbo ènìyàn láìgbójú sókè: ṣé ó ní àṣìṣe kankan tó fẹ́ ròyìn?

"Mo ní méjì," ni Bàbá Àkọsílẹ̀ wí.

Akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Bàbá, ọdún kẹsàn-án mi rèé níbí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí àyè fún un." Ó lu òǹtẹ̀ ọdún méjì mọ́ láìsẹ́ńsì náà, ó sì ti bébà funfun kan sí i.

Bàbá Àkọsílẹ̀ fa àga sún mọ́ tábìlì.