Àpẹẹrẹ Tí Ọkọ Mi Kọ

Ọkọ mi ló ń kọ gbólóhùn àpẹẹrẹ sínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí a jọ ń ṣe. Èmi ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti ń kojú ara wa nídìí tábìlì kan náà. Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Bàbá Àmì-ohùn nítorí pé ó lè fi odidi ọjọ́ kan jà lórí àmì kan ṣoṣo, ti ṣòfin pé inú ìgbésí ayé wa gan-an ni kí àpẹẹrẹ ti máa wá. Òfin yẹn ló kó bá mi.

Lọ́jọ́ Ajé kan, káàdì ọ̀rọ̀ náà "rein" dé ọwọ́ mi. Okùn ìjánu ẹṣin ni ìtumọ̀ kìíní. Ìtumọ̀ kejì ni ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kì í gun ẹṣin mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń fi ìjánu sí ìbínú àti ahọ́n. Àwa náà kúkú ń sọ bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí olówó orí mi kọ sábẹ́ rẹ̀ ló dá mi dúró: "Ọkùnrin náà kó ìbínú rẹ̀ níjàánu títí di òwúrọ̀ tí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tí ó sì fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀."

Inú ìgbésí ayé ta ni? Ọkọ mi kì í bínú. N kò gbọ́ kó gbóhùn sókè rí. Mo fọwọ́ sí káàdì náà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo ń ka ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, mo ń dẹtí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbójú sókè, àpò ìrìn-àjò wa kò sí lórí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti rí káàdì náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ti káàdì náà síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ ọjọ́ tó ń lọ fún mi.

Ó ní bàbá òun ni ọkùnrin inú àpẹẹrẹ náà. Bàbá náà kò bú ìyá òun rí, ó kàn dákẹ́ ni. Nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó gbé àpótí lówùúrọ̀ kan, kò sì padà. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ ti kú.

"Àpò wa ńkọ́?"

"Èmi ni mo gbé e pamọ́, Ìyá Ìbejì. Bí o ṣe dákẹ́ yìí, bí bàbá mi ṣe dákẹ́ nìyẹn. Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, bú mi. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Ojú tì mí, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi. Ọdún mọ́kànlá, káàdì ló wá ń sọ ọ́ fún mi! Mo lanu, mo bú u. Mo bú u débi pé Bàbá Àmì-ohùn yọjú láti yàrá kejì, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Ọkọ mi ń nu ojú rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n máa bú òun lọ.