Ta Ló Lu Jáàsì Inú Àtẹ̀gùn Méje?

Ẹ wo obìnrin yìí dáadáa. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń tọ́jú ilé ìkàwé, tó ń bá ẹni ẹlẹ́ni wá ohun tó sọnù sínú ìwé, tó sì ń rí i. Ìgbà tó wá kan ti bàbá tó bí i ni ọ̀rọ̀ tojú sú u.

Káfíńtà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀ ó máa ń lu jáàsì, àkójọ ìlù òyìnbó tí ẹnìkan ń jókòó lù. Ó ní òun lòun lù ú nínú Àtẹ̀gùn Méje, àwo orin rọ́ọ̀kì tí kò sí onígìtá tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tí kò jí nǹkan mú níbẹ̀. Ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, ojú ewé tí wọ́n sì kọ lórí àwo náà gùn. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ya àwòrán ara páálí rẹ̀, wọ́n kọ ti ẹni tó ń po tíì fún wọn. Níbi ti onílù, "a kò mọ̀ ọ́n" ni wọ́n kọ.

Ìgbàgbé sì ti ń mú Bàbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi orúkọ ìyá tirẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jẹun tán. Ohun tí ọmọ ń fẹ́ kò ju kí Bàbá rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó ṣì mọ̀ pé òun ló ni ín.

Ló bá ṣí ojú ewé náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó tún àwọn ọjọ́ tí wọ́n kọ sódì kọ, ó yọ àsọdùn kúrò, ó fi orúkọ Bàbá síbi tó yẹ ẹ́. Kó tó mu omi tán, ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀rí-Dà ti pa á rẹ́. Ó dá a padà, Ẹ̀rí-Dà tún pa á rẹ́, ó ní ibo ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Obìnrin náà ní ẹnu bàbá òun lòun ti gbọ́ ọ, ṣebí ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Ẹ̀rí-Dà ní àwọn kì í gba ti ẹnu oníkàn níbẹ̀, ohun tí ìwé bá ti tẹ̀ nìkan làwọn ń gbà. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹni tó ṣe nǹkan wà láàyè, ó jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, wọ́n ní ìwé ni kó wá jẹ́rìí fún un.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìwé dẹ́rù ba olùtọ́jú ìwé? Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku ń wọ̀ ọ́ nímú. Ọjọ́ kẹrin ló rí i: àwòrán Bàbá, irun kún orí rẹ̀ bámú, akọ̀ròyìn kan ń bi í nípa àwo náà gan-an. Inú rẹ̀ dùn títí dé ìlà kẹta. Ní ìlà kẹrin, Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Èmi kọ́. Àbúrò mi ló lù ú."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àbúrò Bàbá ti kú tipẹ́, onílù sì ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣé ìgbà yẹn ni Bàbá parọ́ ni, àbí nísinsìnyí?

Ó gbé e délé, ó tẹ́ ẹ sórí itan Bàbá. Bàbá fi awò ojú kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lòun lù ú, ṣùgbọ́n òun ti ríṣẹ́ káfíńtà nígbà náà, àbúrò òun ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́, lòun bá gbé iyì rẹ̀ fún un kí àwọn ẹgbẹ́ olórin lè máa pè é. Wọ́n sì pè é lóòótọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ọkàn ọmọ ń balẹ̀ bọ̀ nígbà tí Bàbá ń ròyìn ọjọ́ náà lọ: ó ní àga onílù ti kúrú jù, àbúrò òun sì ká kóòtù sábẹ́ ìdí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

"Bàbá, ta ló jókòó sórí àga yẹn?"

Bàbá tún gbé ìwé ìròyìn náà sójú, ó ń wo àwòrán ara rẹ̀.

Kí ni kí ọmọ ṣe o? Ó lè dá ìwé náà padà sínú eruku, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò fi ìwé pamọ́ fún òǹkàwé kankan rí. Ó kọ orúkọ àbúrò Bàbá síbẹ̀, ó kọ ọjọ́ ìwé ìròyìn náà sí i. Ẹ̀rí-Dà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní báyìí gan-an la ṣe ń tún nǹkan ṣe. Ìdúpẹ́ yẹn dùn ún ju gbogbo pípa tó ń pa á rẹ́ lọ.

Bàbá ní kó ka ohun tó kọ sétí òun. Ó kà á. Bàbá wá bi í pé:

"Ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀ mọ́," Bàbá dáhùn jẹ́ẹ́. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun fi àwo náà sórí ẹ̀rọ. Wọ́n jọ gbọ́ ọ láti orin àkọ́kọ́ títí dé òpin, àwọn méjèèjì tẹ́tí sí ìlù nìkan, wọn ò sì lè sọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́.