Ojú Tí Kò Fọwọ́ Kan Irin

"Lọ́jọ́ tí ìjì jà, ìka mi tó kéré jù ni mo fi dá ẹ̀rọ yìí dúró. Ọwọ́ kejì, búrẹ́dì ni mo fi ń jẹ."

Aláriwo ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá sí, ẹnu rẹ̀ nìkan tó láti yí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ mú iná wá náà.

Ọ̀gá wọn obìnrin ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá irin tí abẹ̀bẹ̀ ń yí ti sán. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Aláriwo tó ń darí ẹ̀rọ náà ló lò ó kọjá agbára, wọ́n sì ti lé e lọ sílé. Òní ni Ọ̀gá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n pè é padà.

"Ṣé ojú iná tó o fi ń wọn irin náà dá ẹ lójú?" Ọ̀gá bi í.

"Mà, ojú yẹn ń rí kòkòrò tó ń sín lójú ọ̀run! Mo lẹ téèpù aláràbarà yí irin ká níwájú àti lẹ́yìn. Ojú iná méjì ń wò wọ́n, wọn ò fara kàn án. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́ irin bí ẹni fún aṣọ, téèpù kan á rẹ̀yìn sí èkejì. Bó ṣe rẹ̀yìn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìnira irin ṣe tó. Ẹ̀gbọ́n mi ni ò kà á dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ló bá a wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ti ṣáájú. Ó tan kọ̀ǹpútà tó ń gba ìwọ̀n ojú iná fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

Nọ́ńbà tó yọ wà nísàlẹ̀ òdo pátápátá.

"A ti abẹ̀bẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ ò sí," Ọ̀gá sọ jẹ́jẹ́. "Òdo ló yẹ ká rí. Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà pé òdo nìyí, ṣé o kọ́kọ́ ti abẹ̀bẹ̀ pa?"

Aláriwo ò tì í pa. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ sì ń ti abẹ̀bẹ̀. Irin tó ti lọ́ ló pè ní òdo. Látìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti ń bu ìnira irin kù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́, ó sì ń lo ẹ̀rọ kọjá agbára láìmọ̀; ó máa ń sọ pé, "Bí àbúrò mi bá ti wọ̀n ọ́n, ó parí."

"Pè é," Ọ̀gá wí. "Ìwọ ni kó o sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́."

Ó pè é. Fóònù ò tíì dún tán tí ẹ̀gbọ́n fi gbé e.

"Àbúrò mi, ṣé o ti bá mi bẹ̀ wọ́n?"

Aláriwo rọra gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó sá débi pé òjìji rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Lórí tábìlì, ohùn náà ṣì ń bi í bóyá ó ti jẹun.