Ògiri Tí Kò Lámì

Inú àga ni Ìyá Àmì wà, tó ń ka ìwé, tí ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n orúkọ táwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ kò bá a fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń kọ́ wọn, ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kan péré, àfi kó tún odidi ojú ìwé kọ.

Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ni Dúró-ná, ọmọ tó kọ́ nígbà kan, tó ti di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ọ̀hún báyìí. Táì ọrùn rẹ̀ gùn ju làákàyè rẹ̀ lọ. Ó tẹrí ba díẹ̀, irú ìkíni ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ òun rún.

"Ẹ kú ilé, mà. Tẹ́ ẹ bá dé ilé-ìwé wa báyìí, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n mọ́."

"Kí ló ṣe é?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ táìlì dé ẹnu géètì. Omi ń tú sókè níwájú ọ́fíìsì òun tọ̀sán-tòru. Yàrá ìkàwé ti di yàrá àlejò, àwọn ìwé wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti eléyìí yàtọ̀: ẹwà ni wọ́n ń bù sí i tí ilé fi ń jó. Ìyá Àmì kàn ń wò ó, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ilé-ìwé.

"Ọjọ́ Ẹtì la máa ṣí gbogbo ẹ̀, mà. Ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣí i. Àwọn òbí ṣì ń dárúkọ yín. Tí wọ́n bá rí yín níbẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà fẹ́ gbọ́. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́, kíláàsì àwọn ọmọ tí wọn ò tètè mọ̀wé kà. Bí kíláàsì yẹn bá ṣì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, á bá wọn ṣí i.

"Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ti lọ, mà. Ọmọ méjìlá ló kù síbẹ̀, wọ́n ń fa èsì ìdánwò wa sẹ́yìn. Mo ní káwọn òbí wọn wá ibòmíràn fún wọn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni da omi ìdọ̀tí nù. Inú bí ìyá náà, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yìí kan náà ni òpònú yìí ti mọ̀wé kà. Tí wọ́n bá ní kó kàwé nígbà yẹn, ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde kò ju "Ẹ dúró ná, mà" lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Kò tiẹ̀ fura. Ó ti fa fóònù yọ. "Ẹ wo ògiri iwájú, mà. Ọ̀dà aláwọ̀ góòlù la fi kọ ọ́."

Ìyá Àmì gba fóònù. Ọ̀rọ̀ tí ilé-ìwé náà ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, pé àwọn kì í lé ọmọ kankan dànù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ rèé: A KI I KO OMO.

"Àmì rẹ̀ dà?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ní ó ń ba ẹwà ẹ̀ jẹ́, mà. Ta ni ò ní í mọ̀ ọ́n kà?"

"Ẹlòmíràn á ní 'a kì í kó ọmọ', bíi pé gbọ́mọgbọ́mọ ni yín tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á ní 'a kì í kọ́ ọmọ'. Ìwọ ọ̀gá, kà á fún mi bó ṣe jẹ́ gan-an."

Dúró-ná yanu. Tó bá ní "a kì í kọ ọmọ", ọmọ méjìlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ń bẹ láyé. Tó bá sì ní "a kì í kọ́ ọmọ", òótọ́ ló sọ yẹn.

"A kì í..." Ó fa táì rẹ̀. "A kì í..." Ó tún fà á. "Ẹ dúró ná, mà."

Ìyá náà dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

"Mo ti dúró dè ọ́ rí. Ọdún méjì gbáko. Àwọn méjìlá yẹn ńkọ́, ọjọ́ mélòó lo fi dúró dè wọ́n?"

Ìyá Àmì ṣí ìwé rẹ̀ síbi tó kà á dé. "Bá mi pa ilẹ̀kùn dé tó o bá ń lọ," ló wí. "Mi ò ní í wá lọ́jọ́ Ẹtì."